Iye Rẹ̀ Gan-an Ni Wọ́n Ń Bi Mí

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí. Owó gidi ni mo fi ń ra dátà tí mo fi ń wo ètò ìdíje wọn, The Price Is Right, lórí fóònù mi ní Àràmọ̀kọ́, kò sì sí ọjọ́ tí mo wò ó tí orí mi kì í gbóná. Lọ́la, màá tún wò ó.

Ètò náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Èyí tí Drew Carey ń darí báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 1972, Bob Barker ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Wọ́n á pe èèyàn mẹ́rin síwájú, wọ́n á gbé ọjà kan kalẹ̀, kálukú á pe iye tó rò pé ó jẹ́. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù, tí kò kọjá rẹ̀, ló wọlé. Ẹ wá wo ìkà! Obìnrin kan á ronú títí, á làágùn, á ní dọ́là 800. Ọ̀dájú tó dúró tì í á kàn rẹ́rìn-ín: "Dọ́là 801." Dọ́là kan péré ló fi gba iṣẹ́ ọpọlọ ọmọlọ́mọ mọ́ ọn lọ́wọ́! Kó wá dán an wò lọ́jà wa, igbá gààrí ni yóò fi orí gbà.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé èmi gan-an kì í gbà á bí mo bá ń bá wọn pe iye níwájú fóònù mi. Èmi tí àwọn oníṣu Ìjerò bá rí lókèèrè, tí wọ́n á máa bo iṣu! Bí wọ́n bá pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún méjì ni mo máa ń dá lé e, n óò ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á sì pè mí padà. Bí mo ṣe ń ṣe sí mọ́tò tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ nínú ètò náà nìyẹn: ìdajì ni mo ń pè. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ṣadé, wọn ò ní kẹ́ ẹ ná an. Iye rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bi yín."

Iye rẹ̀ gan-an kẹ̀? Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ta ló tún mọ iye nǹkan kan gan-an?

Wọ́n ní eré kan nínú ètò náà tí ọkùnrin kékeré kan ń gun òkè. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tó o bá fi ṣi iye ọjà pè, ìṣísẹ̀ kan ló ń gbé. Bó bá kọjá 25, ó já bọ́ nìyẹn, toun torin tó ń kọ. Bó bá jẹ́ náírà ni wọ́n fi ń kà á fún mi, ọkùnrin yẹn á ti gun gbogbo òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè tán, á sì máa béèrè ọ̀nà Iléṣà.

Ní 2008, olùdíje kan tó ń jẹ́ Terry Kniess pe dọ́là 23,743 fún ẹ̀bùn ńlá ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí! Wọ́n fura sí i, wọ́n dá ètò dúró ná. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kàn ti jókòó wo ètò náà fún oṣù mélòó kan ni, wọ́n rí i pé ọjà kan náà ló ń padà wá, wọ́n sì kọ́ iye wọn sórí. Ẹ gbọ́ o: ọjà kan náà, iye kan náà, fún oṣù mélòó kan!

Mo ní kí n ṣe bíi tirẹ̀. Mo ra ìwé, mo ra bírò, mo pe ìyàwó mi tó ń ta gààrí, mo ní kó sọ iye kọ́ńgò kan fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní kí n mú sùúrù ná, kí òun kọ́kọ́ pe ẹni tó ń kó o fún òun.