Oríkì Kòkòrò Eyín, Ọba Àìrí

Kòkòrò Eyín, mo kí ọ. Àrẹ̀mọ Irọ́, ọmọ bíbí inú Àhesọ. Ọba tó tẹ́ ìtẹ́ sínú ihò tí kò gba orí ìṣáná. A-jẹ-má-hàn. A-kú-má-lókùú. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, kò lára, síbẹ̀ ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri ayé. Mo mọ ọba tó ládé tí kò lówó. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó lówó, tí kò lórí tí yóò gbé adé.

Kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní ọmọ àná. Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó bí Jésù tí àwọn ará Bábílónì ti kọ ìtàn rẹ sórí wàláà amọ̀. Wọ́n ní o sunkún lọ bá àwọn òrìṣà, o ní kí ni kí o máa jẹ. Wọ́n fún ọ ní ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n, o ní rárá, àárín eyín àti erìgì ọmọ ènìyàn ni kí wọ́n fi ọ́ sí. A-kọ-ọ̀pọ̀tọ́-jẹ-eyín! Àwọn Faransé náà gbẹ́ ère rẹ láàárín ọdún 1700 sí 1800. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìṣègùn ní Ingolstadt, ní Jámánì, títí dòní. Ẹranko ńlá ni wọ́n fi ọ́ ṣe, tó ń gbé ènìyàn mì nínú eyín. Eyín erin ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Ta ló tún rí irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ rí?

Ọ̀tá kò ní ṣàì wà. Lọ́dún 1597, John Gerard, ará Ìlú Ọba tó mọ ewé mọ egbò, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ayọyín alárìnkiri a máa sun irúgbìn ewéko wẹ́wẹ́ lórí ẹyin iná, wọn a ní kí aláìsàn yanu sórí èéfín rẹ̀. Ẹnì kejì wọn a wá rọra ju ègé okùn gìtá ayé ìgbà náà sínú omi tó wà nítòsí. "Òun nìyẹn! Ó ti jáde lẹ́nu rẹ!" Ọmọ okùn gìtá, bọ́ sómi kí wọ́n rí ọ! Pierre Fauchard, dókítà eyín tó lókìkí jù ní Párísì, fi awò wá ọ títí, kò rí ìrù rẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1728. Ṣé ìyẹn dí ọ lọ́wọ́? Ọba kì í gbé ibi tí wọ́n ti ń fi awò wá a.

Inú mọ́lúè l'Ékòó lo kó wá. Aṣojú rẹ dìde láàárín èrò, ó gbàdúrà fún awakọ̀, ó gbàdúrà fún táyà, ó wá gbé ìgò kan sókè. Ohun funfun kan ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. "Ẹ wo nǹkan tó jáde lẹ́nu ìyá kan ní Múṣin!" Oògùn ọwọ́ rẹ̀ ń wo eyín dídùn, jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, àti àárín ọkọ òun ìyàwó tí kò gún. Ẹni tí eyín ń dùn kò bi í pé báwo ni ìgò kan ṣe gbọ́ èdè gbogbo àrùn. Ó ti ń wá owó lápò.

Ṣé kí n wá ka ẹbọ tí wọ́n ń rú sí ọ? Aṣáà. Kán-ún. Ògógóró. Bẹntiróòlù. Àwọn kan tiẹ̀ ń kán omi bátìrì sínú ihò eyín, kí ìwọ lè kú. Omi bátìrì jó erìgì, ó jó ahọ́n, ó bó inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwọ nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. A kì í sun ẹni tí kò sí nílé mọ́lé.

Willoughby Miller, dókítà eyín ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Berlin, ló tú àṣírí ilé rẹ jù. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1890 ṣàlàyé pé bakitéríà tó ń gbé ẹnu ní ń jẹ ṣúgà àti ìyókù oúnjẹ wa, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yẹn ló ń jẹ ara eyín lọ díẹ̀díẹ̀ títí ihò fi lu. Mínírà láàárọ̀, bisikíìtì lọ́sàn-án, tíì tó dùn mọ̀ràn-ìn lálẹ́, kí a sì wọ ibùsùn láìfọ ẹnu: iṣẹ́ dé nìyẹn. Ṣúgà jẹ, ìwọ lo gba oyè.

O láwọn ìjòyè o. Olóyè Bí-wọ́n-bá-yọ-eyín-òkè-ojú-á-fọ́ jókòó lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ojú kì í fọ́ nítorí eyín yíyọ. Olóyè Ẹ̀jẹ̀-jáde-mo-jáwọ́ wà lósì: erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fọ òun dáadáa, olóyè yìí sì ní kí wọ́n gbé burọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìyálóde Ti-ọmọdé-á-ṣáà-bọ́ kò mọ̀ pé eyín àgbà ń bẹ lábẹ́ èyí tó ń jẹrà. Pákò kò sí nínú àwọn ìjòyè yìí, ẹ má fi í kún wọn. Orin àtá tí a rin dé eyín inú lọ́hùn-ún ń ṣiṣẹ́ gidi.

Ìjòyè kan wà tí n kò lè fi ṣẹ̀fẹ̀: ẹni tó ní eyín híhù ló ń fa ibà líle àti ìgbẹ́ gbuuru fọ́mọ. Nítorí ìgbàgbọ́ yẹn ni àwọn òbí ṣe ń ra oògùn eyín híhù. Ní òpin 2008 wọ 2009, kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol, tó wà nínú ọ̀kan lára wọn, ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ tó ju 80 lọ ló kú.

Kòkòrò Eyín, oyè rẹ tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí eyín bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ lọ rí dókítà eyín. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá ti wú, tí ẹnu kò là dáadáa, tí itọ́ ṣòroó gbé mì, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la: wíwú náà lè dí ọ̀nà èémí. Òru yẹn gan-an ni kí ẹ wọ ilé ìwòsàn.