Fáìlì Tó Dákẹ́

Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní Ọlọ́runṣògo bá ní òun ti fi àkọsílẹ̀ ìpàdé ránṣẹ́ ní PDF, ẹ má tíì yọ̀. Fóònù ló fi ya ìwé náà, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà ní igun fọ́tò. Ọmọ tó ń kọ prógráàmù á fi pypdf, irinṣẹ́ tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde nínú PDF, ṣí i, kò ní rí lẹ́tà kan mú bọ̀: àwòrán ni. Akọ̀wé á ní, "Ṣebí èmi ń kà á níbí?" Òótọ́ ni, bàbá, ojú yín ló kà á.

Ti docx, fáìlì Word, sàn díẹ̀. Àpò zip ni. Ẹ tú u, ẹ ó bá document.xml nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á fara pamọ́ sáàárín àmì bí ẹran inú ẹ̀fọ́. PDF ní tirẹ̀, tí Adobe gbé jáde ní 1993, ibi tí lẹ́tà dúró sí lójú ewé ló ń rántí. Lẹ́tà wa náà ní wàhálà tirẹ̀: nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù, "ọ́" kan ṣoṣo gba kóòdù méjì: ọ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá já sọ́nà, orúkọ lè yí padà, gbèsè onílé kan lè bọ́ sọ́rùn onílé mìíràn.

Ẹ̀yin akọ̀wé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ àkọsílẹ̀ yín. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìnáwó.