Ọ̀pọ̀lọ́ Méjì, Ìjà Ìyá Méjì

Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, torí èyí tí wọ́n ń sọ kiri ní Igbaruku yìí, àbùmọ́ ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìyá Aránṣọ àti Ìyàwó Tíṣà. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ inú tẹlifíṣọ̀n.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí wọ́n yọ àwa ará Yàgbà kúrò lára Kwara, tí wọ́n kó wa sí Kogi? Ọdún 1991. Ọdún yẹn náà ni géèmù ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń pè ní Battletoads jáde ní Amẹ́ríkà. Kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló tiẹ̀ ń tètè dé ọ̀dọ̀ wa? Àbúrò Aránṣọ tó ń gbé Houston ló kó o wálé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá a, nígbà ìsìnkú bàbá wọn, ìsìnkú tí ẹran rẹ̀ kò kárí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ẹ̀rọ náà dé, iná Amẹ́ríkà ló ń jẹ, fọ́ọ̀tì 110. Tiwa níbí, lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n láti mú un wá, 220 sókè ni. Wọ́n ní láti ránṣẹ́ ra tiransifọ́mà kékeré kan wá láti Ìlọrin kí nǹkan ọlọ́nà jíjìn má baà jóná. Tẹlifíṣọ̀n tún ní òun ò gbà: ìlànà PAL ni tiwa ń tẹ̀ lé, NTSC ni ti Amẹ́ríkà, àwòrán bá ń yọ ní dúdú àti funfun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọ̀ ara ni èèyàn fi ń mọ ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì!

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Abẹ́ fèrèsé Aránṣọ ni mo ti máa ń bẹ ẹ̀gúsí. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀.

Ọmọ Aránṣọ àti ọmọ Tíṣà ni wọ́n jọ ń gbá a. Géèmù Contra ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọwọ́, èyí tó dé sórí irú ẹ̀rọ yẹn ní 1988, ológun méjì tí ń yìnbọn kiri inú igbó. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ka á sókè: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A, kí ẹ̀mí wọn lè di 30. Ìyá àgbà gbọ́ ọ lóru ọjọ́ kan, ó ní ọfọ̀ ni, ó sì ní kí wọ́n lọ pe pásítọ̀. Ẹ wá gbọ́, ará Japan kan, Kazuhisa Hashimoto, ló gbé àṣírí títẹ̀ yẹn kalẹ̀ ní 1986, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí géèmù mìíràn, Gradius. Géèmù náà le jù fún òun fúnra rẹ̀ láti gbá dé òpin, ó sì gbọ́dọ̀ dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó kú ní 2020. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Contra náà ní àbùkù tirẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tí omi ti ń ṣàn láti orí àpáta, tí ọ̀kan bá yára gòkè, ojú àwòrán á bá a lọ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sì kú, láìjẹ́ pé ọ̀tá fọwọ́ kàn án. Irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wo nìyẹn? Nínú àáró tí àwọn bàbá wa ń ṣe, bí o bá ro poro tìrẹ tán, o ó padà bá ẹni tó kù lẹ́yìn.

Ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló wá burú jù. Wọ́n ní kí ẹ jọ gbógun ti ọ̀tá, ẹ̀ṣẹ́ rẹ á sì máa ba ọ̀rẹ́ rẹ. Nínú dúdú àti funfun yẹn, ọmọ Tíṣà á ju ẹ̀ṣẹ́, á ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ni. Ní ipele kẹta, orí ohun ìrìnnà kan tí ń sáré ni wọ́n wà, ògiri á sì kàn yọ sí wọn. Bí ọ̀kan bá kọ lù ú, àwọn méjèèjì ni yóò padà sẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi gan-an mọ ariwo ibẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọjá. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú kásẹ́ẹ̀tì géèmù náà títí, wọ́n ra epo jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì dé ipele 11 nínú 12.

"Gbéra! Gbéra, jàre!"

"Mò ń tẹ̀ ẹ́!"

"O ò tẹ̀ ẹ́!"

"Wo ọwọ́ mi, ṣé o fọ́jú ni?"

Ọ̀pọ̀lọ́ ọmọ Tíṣà ò mira. Ọmọ Aránṣọ ní ó ti ba páàdì tí àwọn ń tẹ̀ jẹ́, ọwọ́ tó fi jẹ àkàrà ló fi ń dì í mú. Epo wà lára páàdì náà lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Wọ́n pààrọ̀ páàdì. Ẹnìkejì náà ni kò tún lè rìn. Wọ́n padà sí ipele kìíní, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa! Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó ní iná tó ń wọlé ni kò tó, ó gbowó rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ní òun fẹ́ páàdì tuntun. Ìyàwó Tíṣà ra á láti Èkó, ó jù ú sórí tábìlì ìránṣọ, ó ní, "Ọmọ tèmi kì í ṣe ọ̀bàyéjẹ́." Láti ọjọ́ náà, ẹ kú àárọ̀ ò sí láàárín wọn mọ́.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọn ò bínú ju alẹ́ kan lọ. Wọ́n ń gbá ti ẹlẹ́nìkan, ọmọ Tíṣà á jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, á máa júwe ibi tí yóò fò.

Ọmọ Aránṣọ ti ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Lọ́kọ́ja báyìí. Òun ló wá rí i kà pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni àbùkù náà wà: nínú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, bí ẹni méjì bá jọ dé ipele 11, páàdì ẹnìkejì kì í ṣiṣẹ́. Kò sí ọwọ́ epo níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó ṣe é ò fi ẹni méjì jókòó kí wọ́n gbá èyí tí wọ́n fẹ́ tà dé òpin. Hashimoto ò ní ṣe irú ẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì fi fóònù rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyàwó Tíṣà, ẹni tó ti ń kí Ìyá Aránṣọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jọ dáná ìkómọ ilé kejì, ló bá ní kí wọ́n dá owó páàdì òun padà. Ìyá Aránṣọ ní kò burú, òun á san án: iye tó rà á nígbà náà gan-an. Èyí ò lè ra ìṣáná méjì lónìí! Ìyàwó Tíṣà ní iye tí wọ́n ń ta páàdì lónìí ni òun máa gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Baálé. Baálé gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ pẹ́, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé páàdì náà wá kí òun wò ó. Ìyá Aránṣọ ní èwo nínú méjèèjì.