Ikùn Wa Nínú Ìwé Télọ̀

Bí ìjọba bá fẹ́ mọ bí àwa àgbàlagbà Kasarawa, níbí ní ìlú Sókótó, ṣe ń fẹ̀ sí i, kí wọ́n má wulẹ̀ náwó ìwádìí. Àwọn baba wa ti ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á: ìdí ṣòkòtò ni, kì í ṣe àpò. Kí wọ́n ṣí ìwé tí télọ̀ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ọdún tí Alhájì fẹ́ ìyàwó kejì, ínṣì 36. Ọdún tó gba kọ́ńtíráàtì àkọ́kọ́, 41. Ọdún tó di ọlọ́lá, télọ̀ so tépù méjì pọ̀.

Kò sì bínú o. Bí dókítà bá ní kó gun òṣùwọ̀n, ìjà dé. Ṣùgbọ́n télọ̀ á pariwo ìwọ̀n rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ lójú gbogbo ayé, Alhájì á sì máa rẹ́rìn-ín: "Fi díẹ̀ lé e, Iléyá ń bọ̀."

Ìṣirò tí dókítà ń lò, Adolphe Quetelet ló gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1832. Ará Belgium ni, iṣẹ́ ìràwọ̀ àti ìṣirò ló ń ṣe, kì í ṣe oníṣègùn. Ẹ wọn ènìyàn ní kílò, ẹ fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tó 25, ó ti sanra jù. Bó bá tó 30, wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ àìsàn. Ẹni tó ga ní mítà 1.70, tó wọn kílò 90, á lé ní 31. Ìyẹn ni pé alábàárù tó ń gbé àpò àlùbọ́sà láti ìdájí lè jẹ́ 31, kí kọ́ńtíráktọ̀ tí kò gbé ju fóònù lọ náà jẹ́ 31. Ìràwọ̀ kò ní ọ̀rá, baba náà ò kúkú jẹ̀bi.

Tépù ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àyíká ikùn ọkùnrin bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 94, ìyẹn ínṣì 37, tàbí 80 fún obìnrin, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń bèèrè ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọ̀rá ikùn burú ju ọ̀rá ìdí lọ. (Ẹ̀yin onídìí bẹ̀bẹ̀, ẹ wo iwájú náà kí ẹ tó jó.)

Ta ni yóò wá fọn? Ẹni tó bá fọn ní àdúgbò yìí, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀, tàbí pé owó ti tán. Láyé àtijọ́, àwọn Ẹ̀fíìkì ní Calabar a máa fi ọmọge sínú yàrá, kí wọ́n bọ́ ọ títí tí yóò fi sanra kó tó lọ ilé ọkọ. Tiwa, ọ́fíìsì là ń pè é.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbìyànjú láti dín ikùn wa kù: òfin ìnáwó ọdún 2021 bu náírà 10 lé lítà kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò ìdajì lítà, náírà 5! Fún almájìrí ní náírà 5 lónìí, kó o rí bí yóò ṣe wò ọ́.

Tépù mìíràn tún wà ní Sókótó yìí. Aláwọ̀ mẹ́ta ni, òun ni wọ́n fi ń wọn apá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó bọ́ sí pupa, ebi ti fẹ́ mú ọmọ náà lọ. Bó bá tó 12.5, ó di àwọ̀ ewé. Àdúgbò kan náà, ọjà kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, ní ọdún 2022, ènìyàn kan nínú mẹ́jọ láyé ló ti sanra dé àìsàn. Àwa ń pèsè àwọn tó sanra, a sì ń pèsè àwọn tí ebi ń pa.

Nítorí náà, bí ọlọ́lá bá tún wá yàwòrán níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn ọmọ pupa wọ̀nyí, kí nọ́ọ̀sì jọ̀wọ́ wọn apá tirẹ̀ náà. Tépù kò ní yí i ká, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni yóò rí, yóò sì kọjú sí kámẹ́rà láti kéde pé kò sí ebi ní Sókótó.