Ìbò Alága Káńsù

Ní àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, INEC, àjọ elétò ìdìbò ìjọba àpapọ̀, kọ́ ló ń ṣètò ìbò alága àti káńsílọ̀. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ni. Gómìnà ló ń yan ọmọ àjọ náà, ilé aṣòfin á sì fọwọ́ sí i. Abájọ tí ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà fi sábà máa ń kó gbogbo ipò lọ ráúráú. Ní ìlú bí Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá ti ní kí ọkọ̀ má rìn lọ́jọ́ Sátidé ìdìbò náà, àwọn ọmọdé á sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù. Lábẹ́ igi, ìyá àgbà kan á tẹ̀ka, wọ́n á fi tàdáwà kùn ún léèékánná, òṣìṣẹ́ á sì máa tòògbé. Nígbà mìíràn, gómìnà á ti búra wọlé fún alága tuntun kí tàdáwà yẹn tó ṣí.