Kò Le Rárá, Bàbá

Bí bíríkìlà bá wo ilé yín, tó mi orí díẹ̀, tó ní, "Kò le rárá, bàbá," ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kíá, kí ẹ lọ sùn. Èmi ò ti ilẹ̀kùn. Mo ní kó wọlé, mo fún un lómi tútù, mo tún ní kí wọ́n bá a gbé àga wá. Ẹ wá wò mí báyìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nígbà tí mo ti Ìbàdàn dé, mo ní ikùn díẹ̀, mo sì ní owó gírátúítì díẹ̀. Èmi àti ẹni tó ń ta páànù nìkan la mọ ibi tí méjèèjì gbà lọ.

Ilé tí mò ń wí wà ní Ùgbè-Àkókó níbí. Bàbá bàbá mi ló fi amọ̀ kọ́ ọ: yàrá 8 tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọ kíláàsì. Páànù kan náà ló bò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá kan àti èkejì. Bí ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ bá sín, ẹni tó wà ní ìkẹjọ ló ń kí i pẹ̀lẹ́. Irú ilé tó fara ti ara wọn báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní London, wọ́n sì ti ṣe òfin ògiri àjọni fún un lọ́dún 1996. Ẹni tó bá fẹ́ gé irú ògiri bẹ́ẹ̀ tàbí kó gbé e sókè gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí aládùúgbò rẹ̀ ní oṣù 2 ṣáájú. Ní tiwa, a kì í kọ̀wé. Ahọ́n ni ìwé wa, ẹbí mi sì mọ̀wé gan-an.

Yàrá méjì tó wà láàárín ni wọ́n pín kan bàbá mi. Ẹ fiyè sí i: àárín. Ẹni tó wà létí ní aládùúgbò kan, èmi ní méjì. Àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, wà lápá ọ̀tún. Ìyá àgbà, opó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà lápá òsì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò sì ju kí ìyàwó mi má máa gbé àtùpà lọ sẹ́yìnkùlé lóru mọ́. Kí n fi bùlọ́ọ̀kù rọ́pò amọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí n fa kíṣìnnì àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì oníjókòó yọ sẹ́yìn, kí n pààrọ̀ páànù. Ó parí.

Bíríkìlà gun ọ̀kadà dé láti Ìkàrẹ́, ó fi tápù ìwọ̀n kọ́ bẹ́líìtì. Kò fi tápù náà wọn nǹkan kan. Ó ká ìka, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, gbù, gbù, gbù, ó wá gbé etí lé e bíi dókítà. Ó ya bébà lára àpò sìmẹ́ńtì, ó yọ bírò láti inú irun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: sìmẹ́ńtì, àpò 40; bùlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án, 600; iyanrìn, tìpà 2. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò le rárá, bàbá." N kò ní parọ́ mọ́ ọn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló fi ṣiṣẹ́. Àárín ọ̀sẹ̀ kan àti èkejì ló gba oṣù mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹbí gbọ́dọ̀ gbọ́. Ilé ẹbí nílẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan kì í dá a tà, kì í dá a wó. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ fohùn sí i. Mo pèpàdé, mo ra mínírà, mo sebẹ̀. Ẹni 23 ló wá. Nígbà tí páànù ń jò, a ò ju mẹ́rin lọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan jẹun, ó nu ẹnu, ó sì ní ìbéèrè kan. Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀ tó ní owó nínú.

Bàbá Dáwódù, olórí ẹbí wa, ló bi mí ní èyí tó le jù. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ibi tí a sin bàbá bàbá rẹ sí?"

Mo ní, "Ẹ̀yìnkùlé ni, sà."

"Ibo ní ẹ̀yìnkùlé?"

N kò mọ̀. Ó dìde, ó fi ọ̀pá júwe. Ibi tó ń júwe ni mo ti fi èèkàn ṣe àmì sí, pé ibẹ̀ ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì máa wà.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìwé tí mo kà ní Ìbàdàn pọ̀ tó báyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣe kúrò lórí bàbá àgbà, tó bọ́ sórí àpáta. Ẹni tó bá mọ Àkókó mọ̀ pé àpáta ló ni ilẹ̀ yìí, àwa kàn ń yá a gbé ni. Ẹ wo Ìkàrẹ́ bí òkè ṣe yí i ká. Ẹ wo Ọ̀kà, níbi tí ilé ti ń gun orí òkè bí ewúrẹ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ihò sókàwéè gbẹ́ títí ilẹ̀ fi dé ìdodo wọn, dígà sì dún, kán-in! Ọ̀gá wọn wo ìsàlẹ̀, ó wò mí, ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Iye tí a jọ sọ, ilẹ̀ lásán la sọ ọ́ mọ́. Àpáta ní iye tirẹ̀.

Wọ́n dáná táyà lé àpáta náà lórí, wọ́n sì da omi tútù lé e kó lè là. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Èéfín wọ yàrá ìyá àgbà, ó sì ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n jọ̀wọ́, òun kì í ṣe ẹja tí mò ń yan. Nígbà tí àpáta là tán, mo rò pé a ti rí òkúta tí a máa fi po kọnkéré lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá tó là á ní rárá o, òkúta jẹ́ ti ẹni tó bá là á. Bí mo ṣe ra òkúta inú ọgbà ara mi nìyẹn, mo sì tún san owó ọlọ́kọ̀ tó gbé e láti ẹ̀yìnkùlé wá síwájú ilé.

Ó wá ku sìmẹ́ńtì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì jọ jókòó l'Ábújá, wọ́n fẹnu kò pé àpò kan yóò máa jẹ́ ₦7,000 sí ₦8,000. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò pẹ̀lú etí ara mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ka ìròyìn náà fún ọlọ́jà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ rédíò." Mo san iye tó pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa kọ́lé, ẹ gbé àga, ẹ jókòó ti ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré. Odidi ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, lébírà kan sì fi ọjọ́ kan gbà á lọ́wọ́ mi. Kọnkéré lẹ́ńtù jẹ́ ọ̀kan, méjì, mẹ́rin: sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, mélòó-ni-mo-ti-bu. Mo ní kó máa fi hẹ́dípáànù kà á. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí òun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tí wọ́n bá sì ti da lẹ́ńtù tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ó ti gbẹ. Ẹ máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí omi ni sìmẹ́ńtì fi ń le. Ọjọ́ 28 ni agbára rẹ̀ tó dé ibi tí wọ́n ń retí.

Ohun kejì: ẹ má ṣe sọ pé amọ̀ àti sìmẹ́ńtì jẹ́ ọ̀rẹ́. Amọ̀ ń mu omi, ó ń wú, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó tún sún kì. Sìmẹ́ńtì dúró gbagidi, kò bá a lọ, kò bá a bọ̀. Tí ẹ bá rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ ògiri amọ̀ láìkan nẹ́ẹ̀tì wáyà mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣí bí èèpo àgbàdo. Ní ti bùlọ́ọ̀kù, ẹ fún un ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó dúró ní ẹ̀gbẹ́ amọ̀, kó má dì mọ́ ọn. Ohun tí bíríkìlà sọ fún mi nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ohun tí kò sọ ni pé ẹni tó bá dúró gbọin ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń mì, òun ni wọ́n máa fara tì. Màá dé ibẹ̀.

Páànù ló pa mí. Káfíńtà ní kò le rárá, òun á gé e ní ìlà ìpín tèmi, òun ò ní fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n páànù tí bàbá àgbà kàn, ìpáàrà nìkan ló so ó pọ̀. Bó ṣe fa ìṣó àkọ́kọ́ yọ ní tèmi ni ìṣó mẹ́fà já ní ti àbúrò mi. Bó ṣe tẹ orí òpó lápá kejì, páànù ìyá àgbà mí kanlẹ̀. A ti wọ oṣù kẹta. Mo ní ká tètè bò ó. Káfíńtà ní pátákó kù díẹ̀, òun ń lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Ìrìn-àjò Ìkàrẹ́ tí ọ̀kadà ń yára lọ, tó ń yára bọ̀, ọjọ́ 11 ló fi lọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àkọ́rọ̀ òjò dé. Kò dé ní ọ̀sán kí èèyàn rí ojú rẹ̀. Aago méjì òru ni. Èmi àti ìyàwó mi wà lábẹ́ tàpólì kan, a di etí rẹ̀ mú ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó ń ká aṣọ, omi sì ń gba àárín wa lọ. Ilẹ̀kùn sì ṣí. Àbúrò mi wọlé, kò bú mi, kò pariwo. Ó ru garawa kan tó kún fún omi òjò láti yàrá rẹ̀, ó dà á sáàárín yàrá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù yín rèé." Ó padà lọ bu èkejì.

Ilẹ̀ mọ́, mo ra páànù fún ilé mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi, nítorí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì mọ bí kòtò mi ṣe jìn tó dé orí àpáta. Ẹ ka owó páànù aládùúgbò mọ́ tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, kí òrùlé ti wà lórí kí oṣù kejì tó tán. Ẹ má ṣí òrùlé àfi tí páànù, pátákó, ìṣó àti káfíńtà bá wà níwájú yín lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ máa san owó iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ: ti ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, ti lẹ́ńtù lọ́tọ̀, ti òrùlé lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gba gbogbo owó tán, ọ̀nà ilé rẹ̀ ló mọ̀, kò mọ ọ̀nà ilé yín mọ́.

Ilé parí ní oṣù kẹwàá. Ó dára, n kò ní jiyàn. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹyin. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbàgbé ni omi. Ìyàwó mi tó ń gbé àtùpà lọ sẹ́yìnkùlé lóru tẹ́lẹ̀, ó ti ń gbé àtùpà àti garawa lọ sí kànga báyìí, kó lè rí omi dà sí i. Mo ní ìlọsíwájú nìyẹn. Kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí Kérésìmesì dé, àwọn ẹbí tó wà l'Ékòó, tí wọ́n ti ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì Ìkàrẹ́ láti ọdún gbọọrọ, wọ́n gbọ́ pé ilé ti ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Èmi àti ìyàwó mi sùn ní kíṣìnnì. Bàbá Dáwódù gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ọlọ́run á fún ọ lówó sí i, tí wàá fi tún ilé wa ṣe." Ọ̀rọ̀ "wa" yẹn dùn mí dé eegun. Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni: ọmọ ẹbí tó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe, ilé ẹbí náà ló ṣì jẹ́. Ó ní owó mi ti di ọmọ ẹbí. Mo san owó ìmọ̀ràn náà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé, mo gbọ́ ọ lára ògiri: gbù, gbù, gbù. Mo dìde. Àbúrò mi ló dúró níbẹ̀, bíríkìlà sì gbé etí lé ògiri amọ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí tiyín ti dúró dáadáa ni tèmi ti ń fara tì í. Tó bá wó, èmi kọ́ ló máa wó lù."

Mo wo ògiri náà. Ó ti yọ ikùn lóòótọ́, ó sinmi lé bùlọ́ọ̀kù mi bí ọmọ tó sùn lé ìyá rẹ̀ léjìká. Bíríkìlà ti ń wá bírò nínú irun rẹ̀.

Mo ní, "Èló ló máa ná wa?"

"Wa" náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Àbúrò mi gbọ́ ọ. Ìyá àgbà gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó ṣe àmín.

Bíríkìlà mi orí díẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo yíjú sínú ilé, mo ní kí wọ́n bá wa gbé àga wá.