Oríkì Ìwé Ìrántí Tó Tún Jí

Ẹ ṣí fìlà, ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́. Ìwé ìrántí akẹ́kọ̀ọ́ ti jí.

Ìwọ Asùn-lábẹ́-ìrọ̀rí,
Abẹ̀rẹ̀-má-parí, ọmọ Ọ̀la-ni-n-ó-kọ-ọ́.
Ojú ewé kìíní rẹ kún dé etí,
Ìkejì rẹ kù díẹ̀ káàtó,
Láti ìkẹta lọ, funfun báláú.
Aláṣọ funfun tí kì í ṣe ọmọ Ọbàtálá!

Ọjọ́ tí wọ́n rà ọ́, ayé gbọ́. Bírò tuntun, déètì tí wọ́n fi rúlà fàlà sí nídìí, orúkọ olówó rẹ gàdàgbà lára èèpo. Olówó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì Bámidélé Olúmilúà n'Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà. Ó búra pé alẹ́ kan kò ní kọjá kí o má gbọ́ ìròyìn.

Ìdánwò dé, o sá.
Iná lọ, o ní òkùnkùn ni.
Iná dé, o ní fóònù ni.
Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àyè gbà ọ́ wàyí,
Ìwọ náà daṣẹ́ sílẹ̀, o ní ò ń bá wọn kẹ́dùn.
Ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í san owó ẹgbẹ́!

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àjíǹde gan-an ni ògo rẹ máa ń yọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni pé, "Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ díẹ̀."

Akúnlẹ̀-bẹ̀bẹ̀ níbi tí kò sí adájọ́!
Ta lò ń bẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà ọ́, òun náà ló pa ọ́ tì.
Ẹ̀bẹ̀ gba ìdajì ojú ewé,
Ìlérí gba ìdajì tó kù,
Ìròyìn ọjọ́ náà kò ríbi jókòó.

Òkè Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ ń wò ọ́. Láti ìwáṣẹ̀ ló ti dákẹ́, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò gbẹ́ ìlérí sí i. Ọba tó jókòó, òyìnbó tí wọ́n gbé wọ̀lú, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló gbẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé àfihàn Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum ló wà dòní. Ìwọ kò tíì dé orí tábìlì.

Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san náà kọ ìwé ìrántí tirẹ̀ n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbèsè tó jẹ, owó tí kò tó ná, gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ láìtijú. Lónìí, ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn òpìtàn sì ń fi gbèsè yẹn mọ bí ayé ìgbà náà ṣe rí.

Nítorí náà, ìwọ Kábíyèsí inú àpò,
Ìlà kan péré ló yẹ kí n kí ọ fún,
Èyí tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì,
Tó sọ iye tí wọ́n ta iyán lọ́jọ́ náà
Àti iye tí ọlọ́kadà gbà dé ọjà.
Òun nìkan ni kò parọ́, òun nìkan ni kò ṣèlérí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá padà sídìí ìwé yín, ẹ fo ẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ iye tí gààrí jẹ́ lónìí.